Ọwọ́ Tó Ṣí Bátìrì Náà

Gbogbo ojú tó pé sẹ́bàá títì Bódìjà láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò. Ojú kan ṣoṣo ni kò wò ó. Ọ̀rá kékeré tó wà lọ́wọ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ Ayẹni ni ojú yẹn ń wò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ayẹni tó mọ̀. Ó ti rẹ ọkùnrin náà. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni, gbogbo ìlú ń retí nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n mọ́tò tésàn wọn ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n ń tì kó tó jí, òun náà sì wà lára àwọn tó tì í láti ìdájí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú mọ́nú bàtà. Èéfín tí ó ti rẹ òun náà ń rọra jáde látinú ṣọ́ọ̀bù fídíò Ògúnsànyà, níbi tí kámẹ́rà, téèpù ìgbéyàwó àti aṣọ ìkélé aláràbarà ti di òkìtì dúdú kan tí omi ń kán lára rẹ̀.

Àwọn èrò ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn.

"Òun nìyẹn. Òun ló tún bátìrì náà ṣe."

"Ẹ wo ojú ẹ̀, bí ẹni tí kò lè pa eṣinṣin."

"Ta ló wá jó Bàbá Àlàó lọ́wọ́? Eṣinṣin ni?"

Ayẹni gbé orí sókè láti wá ibi tí yóò gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ojú òun àti ti ọmọbìnrin kan ti ṣe mẹ́rin.

Ìborùn aláwọ̀ ewé ló fi bo orí. Ojú rẹ̀ tóbi, ó dúdú, omi sì dúró sínú rẹ̀ láìjábọ́, bí omi òjò tó dúró sí etí òrùlé tó ń ro ó wò bóyá kí òun kán tàbí kí òun má kán. Irú ojú bẹ́ẹ̀ lè gba oorun lójú ọkùnrin fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ayẹni ní ìyàwó ní Àkúrẹ́, Ọmọ́fẹ́, tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀, tí kì í rí ju ìgbà tí ìsinmi bá dé lọ, ọkàn rẹ̀ kò sì ráyè fún ojú ẹlòmíràn. Ìbéèrè kan ló kàn án lára: kí ló dé tí ẹni tí òun kò mọ̀ rí fi ojú sílẹ̀ lára ẹni tí wọ́n ń mú lọ, tó wá ń wo ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò kà sí?

Bí ojú wọn ṣe pàdé, ọmọbìnrin náà yára kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Èrò bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

*

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu Ògúnsànyà. Bátìrì kámẹ́rà rẹ̀ ti darúgbó. Rasheed, tó ń tún rédíò àti kámẹ́rà ṣe ní Agbowó, gbà á, ó yọ inú rẹ̀ dànù, ó fi inú tuntun sí i. Lóru Furaidé, bátìrì náà wà lára ṣájà, ó bẹ́, iná ran ìkélé. Bàbá Àlàó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ já wọlé, ó fi ọwọ́ lásán gbé nǹkan tó ń jó náà jù sínú gọ́tà. Ọwọ́ bàbá jó. Gọ́tà ló sì pa ìlàjì bátìrì náà mọ́ tí kò fi di eérú. Òun ló wà nínú ọ̀rá Ayẹni. Rasheed fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, Ògúnsànyà sì fa kọ́là rẹ̀ mú, ó ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní tésàn, Rasheed jókòó, kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi, ọ̀gá. Iṣẹ́ mi kò lè jó báyẹn."

"Gbogbo oníṣẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọmọ bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀, mo yọ wọ́n lára bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí olúwa rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn, wọn kì í ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní etí." Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan. "Pẹlẹbẹ irin funfun tín-ín-rín tó ti wà lára wọn láti ilé iṣẹ́. Etí yẹn ni mo máa ń jó lẹ́ẹ̀dì sí. Mo máa ń ká a kúrò lára ọmọ, mo máa ń fi páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ooru má bàa dé inú. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ kan ara ọmọ bátìrì yẹn láéláé."

"Tó bá kàn án ńkọ́?"

"Awọ kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ju ti àlùbọ́sà lọ. Ooru á bà á jẹ́. Lójú, ẹ ò ní mọ̀. Ó tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá wọ inú rẹ̀ dáadáa ló máa bẹ́." Ó nu imú. "Tí ẹ bá rí lẹ́ẹ̀dì lórí ọmọ bátìrì gan-an, ẹ lọ wá ẹlòmíràn. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n rí i."

Ayẹni da ohun tó wà nínú ọ̀rá sórí tábìlì. Ọmọ bátìrì kan ti fọ́ bí àgbàdo tí a yan. Èkejì ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà lódindi, etí rẹ̀ ti kúrò, lẹ́ẹ̀dì sì wà ní orí rẹ̀ gan-an, ó ṣù, kò dán, èéfín dúdú wà nínú rẹ̀ bíi ti ìdí ìkòkò. Páálí ike tí wọ́n fi bò ó ṣì kù ní apá kan. Ní ojú ibi tí ike méjèèjì ti pàdé, kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ àlùkò wà níbẹ̀, ó ti yọ́ lápá kan, ó dán lápá kejì.

Rasheed wo lẹ́ẹ̀dì náà. Lẹ́yìn náà ó wo kútẹ́ẹ̀sì. Ó na ìka, ó fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń sùn.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi tán pé—"

"Mo purọ́, ọ̀gá. Ẹ fún mi ní bébà kan, ẹ dákun. Kì í ṣe ti ẹjọ́."

Ó kọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́, ó ká a, Ayẹni wá ẹ̀nfílóòpù kan fún un, ó sì fi itọ́ lẹ ẹ́. Kò kọ orúkọ kankan sí i lẹ́yìn.

"Ta ni kí n fún?"

"Ẹ máa mọ ẹni tó ni ín. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sun ún."

*

"Ó ti jẹ́wọ́," ni DPO Oyèbọ́lá wí, láìgbé ojú kúrò lára ife tíì rẹ̀. "Kí ló tún kù? Ògúnsànyà ní ó halẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù á jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná. Mọ́ńdè, kóòtù."

"Sà, ó kọ́kọ́ sẹ́. Ó rí bátìrì tán ló tó jẹ́wọ́."

"Ẹ̀rí ló bà á lẹ́rù."

"Ẹ̀rí yẹn, sà, òun ló yẹ kó dá a láre. Lẹ́ẹ̀dì wà lórí ọmọ bátìrì, bó ṣe sọ pé òun kì í ṣe é gẹ́lẹ́. Ẹni tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn fún, tó dá a padà, tó ní òun fẹ́ràn ibẹ̀, kò rí bákan sí yín?"

Oyèbọ́lá mu tíì. "Ayẹni, ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

"Mi ò rántí, sà."

"Lọ sùn. Mọ́ńdè, kóòtù. Lẹ́tà tó fún ọ yẹn ńkọ́, o ti ṣí i?"

"Ó lẹ̀ pinpin, sà."

DPO padà sídìí tíì rẹ̀. Lẹ́tà náà wà lápò àyà Ayẹni, ó ń kàn án lára ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Ó mọ̀ pé bí òun bá ya á, ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹjọ́ yìí máa gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Ọmọ́fẹ́ ló máa ń mú òun fúnra rẹ̀ gbé oṣù kan dé òpin. Ó mọ bó ṣe máa rí lára òun bí ọlọ́pàá kan bá kọ́kọ́ kà á. Ó fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀sùn kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ilé kì í ṣe ẹ̀sùn ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá fi kan Rasheed, orí funfun ló máa gbé jáde lẹ́wọ̀n.

*

Ògúnsànyà jókòó sórí àga onírọ́bà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó jó, bí ẹni tó jókòó ti òkú.

"Ó halẹ̀ mọ́ mi, Ìnsípẹ́kítọ̀. Níwájú àwọn èèyàn ni. Ó ní, 'Tí ẹ bá gbé e síná tí ẹ bá lọ sùn, ó lè jó yín mọ́lé.'"

"Ọ̀gá Ògúnsànyà, dókítà tó bá ní kí ẹ má mutí mọ́ oògùn, ṣé ó ń halẹ̀ mọ́ yín ni?"

"Ẹ má bá mi ṣe lọ́yà, ẹ jọ̀wọ́. Ilé iṣẹ́ mi ló jóná."

"Ẹ má bínú. Nígbà tí bátìrì náà kọ́kọ́ délé, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó di Tọ́sìdeè tó kọjá, a wà níbi ìgbéyàwó ní Akobo, ìyàwó ń wọlé, kámẹ́rà kú. Ìyá ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàtà gbá mi. Mo délé, mo sọ fún Kaosarah pé láti ọ̀la lọ, Èkó ni mò ń gbé iṣẹ́ mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Rasheed níbí mọ́."

"Ta ni Kaosarah?"

"Ọmọ tó ń gbé kámẹ́rà fún mi. Òun ló ń tọ́jú bátìrì. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ kan, pé ara bátìrì náà máa yá. Mo ní ṣé ibà ló ń ṣe é ni." Ó mi orí. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó wà níbí láàárọ̀ yìí, ó fi ìborùn aláwọ̀ ewé borí, ó ń sunkún nítorí tèmi."

Ayẹni ń wo àwọn tó ń kọjá lójú títì. Gbogbo wọn ń yára lọ síbì kan; ó ṣe é bí ẹni pé òun nìkan ni kò ní ibì kan tí yóò lọ ju àga kan lọ.

"Ta ló tún lè fẹ́ kí orúkọ Rasheed bàjẹ́?"

"Ọlọ́runtóyìn ni kí ẹ bi léèrè. Òun àti Rasheed jọ ń ṣiṣẹ́ ní Agbowó, ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ó ti ń bọ̀ wá bá mi látìgbà yìí pé kí n kó iṣẹ́ mi fún òun."

*

Àdògán eléèédú ni ohun àkọ́kọ́ tí Ayẹni rí nígbà tó dé Agbowó. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà Ọlọ́runtóyìn, áyọ́ọ̀nù olórí bàbà kan sì ti orí bọ inú ẹyín iná. Ayẹni rántí èéfín tó wà nínú lẹ́ẹ̀dì náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ kò dùn ún.

"Iná mànàmáná ńkọ́?" ló bi í.

"Iná mànàmáná?" Ọlọ́runtóyìn, ọkùnrin kúkúrú tó fi gíláàsì sí ojú kan ṣoṣo, rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ kú àjò o. Ìlú wo lẹ ti ń bọ̀? Gbogbo wa níbí la ní áyọ́ọ̀nù méjì, ọ̀kan ti iná, ọ̀kan ti èédú. Bí iná bá lọ, ìyá tó ń dín àkàrà ló ń yá mi ní èédú."

"Wọ́n ní o kò fẹ́ràn Rasheed."

"Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Ìgbéraga ti pọ̀ jù fún un. Tó bá jẹ́ torí pé èèyàn kò fẹ́ràn Rasheed lẹ ṣe ń mú èèyàn, ẹ lọ gbé mọ́tò tó tóbi wá."

"Níbo lo wà lọ́jọ́ Furaidé?"

"Níbí. Ẹ bi ìyá alákàrà."

Ayẹni gbé ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́. Ọlọ́runtóyìn wo inú rẹ̀, ó sún gíláàsì rẹ̀ sókè, ó tún wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá yí ojú padà.

"Ẹ máa bọ̀." Ó mú ọmọ bátìrì àlòkù kan nínú àpótí. Ó fi bíléèdì fá orí rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó fi oje igi gbígbẹ pa á, ó fa áyọ́ọ̀nù yọ nínú èédú, ó nù ún lára aṣọ tútù. Ó kan lẹ́ẹ̀dì, ó ti gbé ọwọ́ kúrò. Lẹ́ẹ̀dì náà dúró síbẹ̀ bí omijé, ó mọ́, ó ń dán. "Báyìí ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ ń ṣe é. Èyí tí ẹ gbé wá yìí, wọn ò fá a rárá. Áyọ́ọ̀nù dọ̀tí, lẹ́ẹ̀dì ń yọ̀ kúrò, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Kò jẹ́ yà mí lẹ́nu pé ó bẹ́."

"Ṣé Rasheed lè ṣe irú èyí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọlọ́runtóyìn. Ó hàn pé ìdáhùn náà kò dùn mọ́ ọn. "Rasheed? Rárá. Mo bá a jà, ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ mọ́ ọwọ́ ẹ̀."

Ayẹni fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó di ojú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Ẹni tó ṣe é ní oje, ó ní lẹ́ẹ̀dì, ó mọ̀ pé èèyàn lè ki áyọ́ọ̀nù bọ iná bí kò bá sí iná mànàmáná. Ó tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi kútẹ́ẹ̀sì sí i lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé èèyàn ń fá a. Kí ló dé?"

"Torí pé fífá kò dùn ún wò," ni Ọlọ́runtóyìn dáhùn. "Ẹni tó bá wá wo iṣẹ́, ìgbà tí lẹ́ẹ̀dì bá ń yọ́ ló ń sún mọ́ èèyàn. Nígbà tí a bá ń fá nǹkan, wọ́n máa ń wo ìta ni."

"Nítorí náà, ó wo iṣẹ́ yìí, kò kọ́ ọ."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán."

"Kútẹ́ẹ̀sì yìí ńkọ́?"

"Gbogbo wa là ń fi sí i, ká lè mọ̀ bí oníbàárà bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tèmi pupa, ti Rasheed aláwọ̀ àlùkò. Igi ìṣáná ló fi ń kán an, ẹ̀kán kan péré."

Ayẹni gbé páálí ike náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́, ẹ̀kán róbótó kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti là sí méjì níbi tí wọ́n ti ya bátìrì. Lórí rẹ̀, wọ́n tún kun òmíràn, àwọ̀ kan náà, bọ́rọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún: ìlà kan láàárín, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gbogbo ẹ̀ lọ sí apá ibì kan náà. Ó ti rí Ọmọ́fẹ́ rí tó jókòó sórí ẹní ní ọjọ́ ọdún, tó ń kun èékánná rẹ̀ báyìí gan-an, tó sì ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọkùnrin kì í kun nǹkan báyẹn. Ọwọ́ tó ti mọ́ èékánná lára ló kùn ún, láìronú sí i.

Ó sì rántí ọwọ́ méjì tí wọ́n yára kó sábẹ́ ìborùn.

"Ta ló fún Rasheed ní kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀?"

"Ọ̀gá, èmi kì í yọjú sílé onílé."

"O ń yọjú."

Ọlọ́runtóyìn yọ gíláàsì, ó nù ún. "Obìnrin kan ló máa ń wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó máa ń jókòó sórí àpótí, ó máa ń wo ọwọ́ ọkùnrin yẹn bí ẹni tó ń wo sinimá. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Ìborùn ló máa ń borí."

*

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, òjò rọ̀ díẹ̀, ó dá. Ní ilé ìwòsàn, Bàbá Àlàó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ méjèèjì títí dé ìgúnpá.

"Bàbá, ẹ kú ìnira."

"Kò sí ìnira. Wọ́n fi ṣíbí fún mi ní ẹ̀kọ bí ọmọ ìkókó. Ìyá mi tí ó ti kú ì bá rí mi, inú ẹ̀ ì bá dùn."

Ayẹni fa àga, ó jókòó. "Ẹ bá mi rántí ìrọ̀lẹ́ Furaidé. Iná wà?"

"Iná ti lọ láti ọ̀sán. Ìgbà tí mo ti sùn ló dé. Wọ́n máa ń fi swíìṣì ṣájà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí bátìrì lè mu iná nígbàkígbà tí iná bá dé. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn?"

"Kí iná tó dé ńkọ́? Kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mo gbóòórùn ni. Wọ́n tan sítóòfù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ó dáa, oúnjẹ ń bọ̀. Mo fọwọ́ mi, mo jókòó. Òórùn tó wá ń jáde, àfi bí oje igi tí wọ́n sun. Mo dúró, mo dúró. Oúnjẹ kò dé. Ebi ni mo gbé sùn." Ẹ̀rín àárẹ̀ kan bọ́ sí i lẹ́nu. "Kò ṣe irú ẹ̀ sí mi rí."

"Ta ni kò ṣe irú ẹ̀ sí yín rí?"

Bàbá yí ojú sí fèrèsé. "Ojú ń ta mí díẹ̀."

"Ọwọ́ ló jó yín, bàbá. Ojú yín mọ́ gaara."

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ọmọ yẹn kì í jẹun kó tó fún mi. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ṣe mí ní ibi, ẹ wá a síbòmíràn."

Ayẹni rọra dìde. Orúkùn rẹ̀ dún. "Mi ò wá ẹni tó ṣe yín ní ibi, bàbá. Mò ń wá ẹni tó ṣàṣìṣe."

*

Ó bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń bọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Ìborùn aláwọ̀ ewé kan náà. Nígbà tó rí Ayẹni, ó dúró. Kò sí èrò láti bò ó lójú mọ́.

"Kaosarah."

"Sà."

"Jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lè bá ẹni tó dúró sọ̀rọ̀."

Ó jókòó, ó gbé kúlà lé itan. Èékánná rẹ̀ funfun, wọ́n ti fi nǹkan fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ìdí wọn, níbi tí ẹran àti èékánná ti pàdé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ àlùkò ṣì kù.

"Mi ò ní bi ọ́ léèrè," ni Ayẹni wí. "Mo máa sọ ohun tí mo rò, kí o sọ ibi tí mo ti ṣì í. Ọ̀gá rẹ ní òun ń gbé iṣẹ́ lọ sí Èkó. O mọ̀ pé bó bá gbé e lọ, orúkọ Rasheed ti bàjẹ́ ní gbogbo Bódìjà nìyẹn. O ya bátìrì náà láti wo ohun tó ṣe é. Etí ọmọ bátìrì kan ti kán."

"Ọ̀kadà ló gbọ̀n ọ́n," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo gbé e lé itan láti Akobo. Kì í ṣe ẹ̀bi Rasheed."

"Kí ló dé tí o kò gbé e lọ fún un?"

"Ọ̀gá wa ní tí òun bá tún rí bátìrì yẹn lọ́nà Agbowó, òun máa lé mi. Àti pé..." Ó ń fi ìka yí ọwọ́ kúlà. "Gbogbo ìgbà ni mo ń wò ó tó ń ṣe é. Lójú mi, ó rọrùn. Ó fún mi ní áyọ́ọ̀nù àtijọ́ kan pé kí n máa fi ṣeré. Mo fi sínú sítóòfù torí kò síná. Etí ti kán tán, mi ò rí ibi tí mo lè jó lẹ́ẹ̀dì sí, mo wá jó o sórí ẹ̀. Kò fẹ́ gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Títí ó fi gbà."

"Títí ó fi gbà. Mo dán an wò nínú kámẹ́rà, ó tàn. Inú mi dùn, sà. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì mi kùn ún kó lè dà bíi tirẹ̀, kí ọ̀gá wa lè sọ pé iṣẹ́ Rasheed dáa. Mo gbé e sí ṣájà, mo fi swíìṣì sílẹ̀ de iná, mo lọ sílé." Omi tó ti dúró lójú rẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé wá já bọ́ níkẹyìn. "Mo gbàgbé láti fún bàbá lóúnjẹ."

Nọ́ọ̀sì kan kọjá. Wọ́n dúró kó lọ.

"Kí ló dé tí o kò wá sí tésàn?"

"Mo dé ẹnu géètì lánàá. Mo rò pé ó máa sọ pé òun kọ́. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ tó òun fúnra ẹ̀. Mo ní wọ́n á tú u sílẹ̀ kó tó dalẹ́. Kí ló dé tí kò sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, títí mo fi gbé bátìrì náà síwájú rẹ̀ tó rí kútẹ́ẹ̀sì."

Kaosarah fi ìborùn bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sí ohùn kankan.

Ayẹni wo ògiri iwájú. Ó ti gbọ́ ẹkún oríṣiríṣi nínú iṣẹ́ yìí, ẹkún olè, ẹkún ẹni tí wọ́n jà lólè. Kò tíì rí èyí tó máa ń mọ́ ọn lára. "Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù," ló wí. "Ẹ̀sùn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dáná sunlé."

"Tí mo bá sọ òtítọ́, ṣé wọ́n á gbé èmi lọ dípò ẹ̀?"

"Àṣìṣe kì í ṣe dídáná sunlé, mo sì máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ. Iṣẹ́ rẹ á bọ́. Ọ̀gá rẹ á bú ọ. O máa rí ọwọ́ bàbá yẹn lójoojúmọ́."

Kaosarah nu ojú, ó gbé kúlà, ó dìde. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ fún bàbá."

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn kò pa dé tán. Ayẹni gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀, tó ń já, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá ló wá jáde, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì rọ̀.

"Mo ti gbọ́. Kí ló wà nínú kúlà yẹn? Bù ú fún mi. Ti Furaidé lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé yẹn."

*

DPO Oyèbọ́lá ka ohun tí Kaosarah sọ, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní kóòtù ti gba ẹjọ́ tó pọ̀ tó láìsí èyí, kí wọ́n jẹ́ kí Rasheed máa lọ, kí Ògúnsànyà wá kó ẹjọ́ tirẹ̀ wá bó bá fẹ́. Ọlọ́pàá tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ti lọ kírun. Wọ́n ní kí wọ́n dúró dè é.

Kaosarah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ti Rasheed mọ́lé.

Ayẹni ki ọwọ́ bọ àpò àyà. Ẹ̀nfílóòpù náà ti rún, òógùn ti mú igun rẹ̀ kan rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi itọ́ lẹ̀ ṣì lẹ̀ pinpin.

"Gbà. Ìwọ lo ni ín."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹni tó ní kí n sun ún bí mi ò bá mọ̀ ọ́."

Ó gbà á, ó yí i padà, ó wo ibi tó lẹ̀ náà, ó wo ojú ọlọ́pàá náà. Ó fi èékánná rẹ̀ tí kò ní kútẹ́ẹ̀sì mọ́ ya á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ó kà á tán, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó ní kí n má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ó ní kí ẹ̀bi náà wà lọ́rùn òun títí láé, kí n kàn máa gbé kámẹ́rà mi lọ." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ẹ̀bẹ̀ ló fi kún inú ẹ̀. Ká ní ẹ fún mi lánàá, sà, ǹ bá gbọ́ tirẹ̀."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Ayẹni wí, ó sì jókòó láti tú okùn bàtà rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń wọ inú ihò rẹ̀.